Ojú Òsì Ọ̀rọ̀pọ̀

Bí o bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Olútìmẹ́hìn jẹ́, má wulẹ̀ bi í. Ajá rẹ̀ ni kí o wò.

Ọ̀rọ̀pọ̀ lorúkọ ajá náà, abo ajá pupa rúsúrúsú kan tí etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, tí èkejì sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ewé kókò tí òjò pa. Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń gbé mì. Ọdún tí Olútìmẹ́hìn àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkirè jọ ní asọ̀ lórí ilẹ̀ bàbá wọn ló di ẹrù rẹ̀ wá sí Ìdànrè, tó gba oko kòkó olóko kan ṣe ní ẹ̀yìn Aládé, lábẹ́ òkè. Ọdún náà gan-an ló gba ajá. Wọ́n bi í pé kí ló lé e kúrò nílé, ó ní ọ̀rọ̀ pọ̀. Wọ́n bi í pé kí lorúkọ ajá, ó ní Ọ̀rọ̀pọ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọdún kẹfà rèé. Hannah ìyàwó rẹ̀, ìyá Tósìn, ń gbé yàrá kan ní Aládé, ó ń ránṣọ, ó sì ń lọ sí ìjọ Aládùúrà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wọn. Olútìmẹ́hìn ní tirẹ̀, láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, inú abà oko ló ń wà, òun àti ajá rẹ̀. Bí ó bá di Sátidé, á kó kòkó tó ti kan dáadáa wá sílé, á sá a sórí kọnkéré iwájú ilé, á jẹ oúnjẹ gbígbóná, á sinmi. Ní Mọ́ńdè, á tún padà sóko. Bí ayé rẹ̀ ṣe ń lọ nìyẹn, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun yí i padà.

Ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an ni. Òkè kì í jẹ́ kí oòrùn tètè dé abà; àwọn ará Aládé á ti máa yáàrùn, ẹni tó wà lábẹ́ òkè á ṣì máa gbọ̀n. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Olútìmẹ́hìn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rin orín, nígbà tí Ọ̀rọ̀pọ̀ yọ sí i. Ìrù rẹ̀ kò mì. Ó di ojú òsì pinpin, omi ń ṣàn láti inú rẹ̀, ó ti fa ìlà dúdú sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ilà abàjà. Olútìmẹ́hìn fi àtàńpàkò ṣí ojú náà. Ó pọ́n bí ẹyìn tó là.

"Ọ̀rọ̀pọ̀," ó ní, "ta ló nà ọ́?"

Ajá náà gbé àgbọ̀n lé e lórúnkún, ó mí kanlẹ̀ bí arúgbó.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú la fi ń hàn. Ṣùgbọ́n ajá kì í wo dígí. Olútìmẹ́hìn mú un lọ sí abà kejì, lọ́dọ̀ Fàsílátù, ọmọ Ìwó, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko tó bá tirẹ̀ pààlà. Fàsílátù pọn ọmọ, ó ń gbálẹ̀.

"Àpólò ni," Fàsílátù wí, kò tilẹ̀ tí ì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ń jà kiri báyìí. Ẹ má wò ó lójú o, Bàbá Tósìn, ó ń ràn."

"Ṣé ajá náà ń ṣe Àpólò?"

"Kí ni kò ní jẹ́ kó ṣe é? Ṣé kò lójú ni?"

"Kí lẹ fi ń wò ó?"

"Omi ọmú. Òun la fi wo ti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Olútìmẹ́hìn wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ajá. Ó wá tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Háà! Bàbá Tósìn! Ẹ gbójú kúrò níbẹ̀! Ọkọ mi ò ní gbọ́ pé mò ń fún ajá lọ́mú."

"Ẹnu mi dà? Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú yín sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n aláàánú ni Fàsílátù. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé ìdérí ìgò kan jáde tó rọra fi ọwọ́ bò. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín," ó ní, "ẹ ní ti ewúrẹ́ ni."

Oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Omi ọmú kò ràn án. Lọ́jọ́ kejì, Olútìmẹ́hìn fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀pọ̀ sá wọ inú igbó, ó di ọ̀sán kó tó dárí jì í. Nígbà tó di Fúráìdè, ó mú oògùn ojú tí wọ́n tà fún òun fúnra rẹ̀ ní kẹ́míìsì nígbà kan tí ojú ń yún un. Kí ajá má baà bẹ̀rù, ojú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kán an sí. "O rí i?" ó ní, "kò ta." Ó wá kán an sí ti ajá.

Nígbà tó délé ní Sátidé, Hannah kò kí i. Ajá ló kọ́kọ́ kí.

"Ọ̀rọ̀pọ̀ mi, kí ni wọ́n fi ojú rẹ ṣe?" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tósìn, kí lẹ fi ojú ajá yìí ṣe?"

"Àpólò ni."

"Àpólò wo?"

Hannah kì í fi omi ṣeré. Èyí tó bá gbé lọ sí ilé àdúrà, á ti kọ́kọ́ sè é kó hó, á jẹ́ kó tutù, á dé e. Ó bù lára omi náà, ó fi òwú nu ojú Ọ̀rọ̀pọ̀ láti etí imú lọ síta, díẹ̀díẹ̀, ó ń kọrin sí i lábẹ́ ahọ́n. Ajá tó sá fún omi iyọ̀ dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ dì nírun. Ó di alẹ́ Sọ́ńdè, pípọ́n náà rọlẹ̀. Ó di Mọ́ńdè, ojú ti ń funfun bọ̀.

"Ẹ rí i?" Hannah wí. "Ẹni tó dá ojú ló mọ bí òun ṣe ń tún un ṣe."

"Oògùn mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yẹn."

"Ẹ máa jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí."

Bí wọ́n ṣe ń tako ara wọn dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn, olúkúlùkù gbé ògo lé oògùn tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé yàtọ̀ sí oògùn, kí ni nǹkan mìíràn tó yí padà láti Sátidé sí Mọ́ńdè.

Wọ́n padà sóko. Ní Ọjọ́rú, ojú ajá tún pọ́n. Báyìí ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko: tó bá dé Aládé, á san, tó bá dé oko, á tún bẹ̀rẹ̀. Hannah bu omi sínú ìgò fún ọkọ rẹ̀. Olútìmẹ́hìn kò kọ iṣẹ́ tó rán an, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fi nù ún. Síbẹ̀, pípọ́n ni ojú ń pọ́n.

"Omi rẹ kì í ṣiṣẹ́ lóko," ó sọ fún Hannah ní Sátidé.

"Ṣé Ọlọ́run ò mọ ọ̀nà oko ni? Nǹkan kan wà lóko yẹn tí kò fẹ́ ojú ajá yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi nílé."

"Àwọn olè kòkó ńkọ́?"

"Ẹ ní ẹ kò lè sùn láìsí i, kí n lè mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ."

Olútìmẹ́hìn ní ọbẹ̀ ọjọ́ náà dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rí ohun tó já a láyà. Àmì funfun kan ti yọ sórí ẹyinjú òsì, kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ, ó ṣú bí ẹni pé èéfín wọ inú dígí. Bí ó ṣe ń wò ó lọ́wọ́, Ọ̀rọ̀pọ̀ yí padà láti lé aláǹgbá, ó sì forí sọ òpó abà. Ó dúró, ó mi orí, ó wo òpó náà bí ẹni pé òpó ló rìn wá bá a. Olójú kan kì í tàkìtì òró: ajá olójú kan nínú oko kòkó, tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ tí ejò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọjọ́ mélòó ló kù fún un? Ọjọ́bọ̀ ni. Olútìmẹ́hìn kò dúró de Sátidé. Ó gbé ajá lé èjìká bí àgbò, ó forí lé Aládé.

Òun àti Hannah gun ọ̀kadà Dúrójaiyé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Hannah fi ìró wé Ọ̀rọ̀pọ̀, wọ́n fi í sáàárín.

"Bàbá," Dúrójaiyé pariwo láàárín afẹ́fẹ́, "ṣé ata ti wà nílé?"

"Ata kí ni?"

"Àbí ọ̀nà ọbẹ̀ kọ́ lẹ ń gbé e lọ ni?"

"Dúrójaiyé," Hannah wí, "wo iwájú rẹ kí n tó sọ fún ajá yìí pé kó bá ẹ lẹ́yìn sọ̀rọ̀."

Dókítà náà, Olúfúnmilọ́lá, ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, kúnlẹ̀ kí wọn kó tó fọwọ́ kan ajá. Ìyẹn nìkan ti mú ọkàn Olútìmẹ́hìn rọ̀. Ó gbé Ọ̀rọ̀pọ̀ sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Ojú kan ni àbí méjèèjì?"

"Ọ̀tún náà máa ń pọ́n díẹ̀. Òsì ló le."

"Ohun tó ń mú ojú ajá pọ́n pọ̀, bàbá. Oògùn tí ẹ ń fín sára kòkó ńkọ́?"

"A ò fín nǹkan kan láti oṣù Kẹwàá."

"Ejò tí ń tutọ́ síni lójú?"

"Ìyẹn ì bá ti fọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan."

"Eégbọn? Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń kó àìsàn bá a, á sì hàn lójú."

"Èmi ni mò ń ṣà á fún un lálaalẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bà lórúkọ jẹ́.

Dókítà wo èrìgì ajá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pé, kì í ṣe eégbọn. Ó yí ìpéǹpéjú sókè bóyá koríko há síbẹ̀; kò sí. Ó wá kán omi aláwọ̀ òféèfèé kan sójú náà, ó pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ aró sí i. Ibi tó ṣú yẹn tàn yòò bí ewé titun. Hannah fọwọ́ bo ẹnu.

"Ibi tó tàn yẹn, egbò ni," Dókítà wí. "Nǹkan kan ń ta sí i lójú, ó ń jó o díẹ̀díẹ̀. Kí ni ẹ ti fi sí i?"

Hannah wo ọkọ rẹ̀.

"Omi iyọ̀," Olútìmẹ́hìn wí. "Omi àdúrà tìyàwó mi. Àti… omi ọmú."

"Ti ta ni?"

"Ti ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni?"

"A ò ní ewúrẹ́," Hannah wí.

Dókítà bojú wẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ó gba oògùn ojú tí Olútìmẹ́hìn yọ lápò, ó ka ara rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá, èyí ni kò dáa. Ó ń mú kí pípọ́n rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí egbò bá wà lórí ẹyinjú, ńṣe ló ń ràn án lọ́wọ́ kó jinlẹ̀. Oògùn ojú kì í ṣe fìlà tí à ń yá ara wa dé."

"Omi mi ńkọ́?" Hannah béèrè.

"Ṣé ẹ sè é?"

"Mo máa ń sè é."

"Ẹ máa fi nù ún lọ, mà. Òun nìkan ni kò ṣe é níbi."

Hannah tú gèlè rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ tún un wé.

Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọn ó máa kán sí i lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ó gé ìdí ike báàfù kékeré kan, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn kó má baà fẹsẹ̀ họ ojú. Ó ní kó má dé oko fún ọjọ́ mẹ́wàá. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi, bàbá. Ohun tó ń ta sí i lójú, oko yín ló wà, èmi ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ wá a rí. Bí ẹ bá dá a padà láìrí i, ojú yìí á tún bẹ̀rẹ̀, nígbà yẹn kò ní sí oògùn mọ́. Màá yọ ọ́ ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn tí Olútìmẹ́hìn dá nìkan padà sóko. Ó wá nǹkan náà bí ẹni tí òrùka já bọ́ sínú iyanrìn. Ó tú gbogbo koríko àyíká abà, ó wò ó bóyá ó ní ẹ̀gún. Ó gbá eérú ààrò dànù. Ó ṣa igi ìdáná sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó jó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi imú wá èyí tí èéfín rẹ̀ burú. Kò rí nǹkan kan. Ní Mọ́ńdè, ó fọ́ kòkó, ó kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òkìtì, ó fi ewé bò ó, ó gbé igi lé e kó lè kan, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ṣí òkìtì náà láti rò ó. Ooru kíkan gbá a lójú. Olútìmẹ́hìn gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ewé. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣí kòkó, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì rò ó rí. Ó wolẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, ibì kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìtẹ́, irun pupa wà lára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́ síbẹ̀, àpò kan ká sójú kan. Òun ló tẹ́ ewé náà. Òun ló fi àpò náà síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ajá rẹ̀ ṣe ń dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì sí òkìtì, ó fa àpò bo orí. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ó gbóná bí ẹ̀yìn ìyá ẹni. Ó tilẹ̀ sọ lọ́kàn pé, ibi dáadáa mà ni. Lẹ́yìn náà ni ooru kíkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé sábẹ́ àpò, tí kò sì rí ibi jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Ó ní òun ò ní dìde. Ó dúró títí omi fi ń ṣàn wọ etí rẹ̀.

"Yéè! Bàbá Tósìn! Kí ló gbé yín ṣubú?" Fàsílátù ló dé, ó gbé garawa lórí.

"N kò ṣubú. Mo dùbúlẹ̀ síbi tí ajá ń sùn ni."

Fàsílátù sọ garawa kalẹ̀. Ó fà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. "Ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

"Fàsílátù, wo ojú mi. Ó pọ́n?"

"Ó pọ́n."

"Èwo ló le?"

"Òsì." Ó wo òkìtì, ó wo àpò, ó wo irun pupa. "Àá," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àá, Bàbá Tósìn."

Kí ọyẹ́ tó dé, abẹ́ ibùsùn Olútìmẹ́hìn ni Ọ̀rọ̀pọ̀ ń sùn. Òun ló rí i tó ń gbọ̀n, tí àánú ṣe é. Òun ló gbé e jáde síbi tó gbóná jù nínú gbogbo oko, tó tún fi àpò bò ó lórí kí ooru má baà lọ. Tí ajá bá dìde lóru, ó máa ń jáde lọ tún un bò. Wọ́n ní àkẹ́jù ń ba ọmọ jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń fọ́ ojú ajá.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi ọwọ́ gún un lójú," Fàsílátù wí.

"Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ́ ẹ síbẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ fún Fàsílátù ló ṣe sọ ọ́ fún Hannah ní Sátidé, kò yọ ọ̀kan, kò bu iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀pọ̀ ń fi ike ọrùn rẹ̀ gbá gbogbo ẹsẹ̀ àga kiri inú yàrá. Olútìmẹ́hìn ti ṣètò bí òun ṣe máa fara mọ́ èébú tó ń bọ̀. Hannah tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ sì sùn síbẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Nítorí ajá."

"Nítorí ojú rẹ̀."

Hannah dìde, ó rẹ òwú sínú omi. "Ẹ súnmọ́ ibí," ó ní, ó sì nu ojú ọkọ rẹ̀ láti etí imú lọ síta, díẹ̀díẹ̀. Kò bú u títí di òní olónìí.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó kán omi òféèfèé náà, ó pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì aró. Olútìmẹ́hìn di ojú ara rẹ̀. Ó gbọ́ tí Hannah ní "Ẹ ṣé o, Olúwa," kó tó ṣí i. Lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì náà, ojú Ọ̀rọ̀pọ̀ dúdú dáadáa, kò sí ibi tó tàn. Àpá kékeré kan ló kù, tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Dókítà ní àpá náà kò ní lọ, ṣùgbọ́n á máa ríran kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun á máa bi gbogbo ẹni tó bá gbé ajá wá láti oko pé níbo ló ń sùn.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ajá àti olówó rẹ̀ wọ oko. Olútìmẹ́hìn ti gbé ibi tó ń bo kòkó lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kúrò ní abà, ó sì fi igi ṣe ọgbà yí i ká. Ọ̀rọ̀pọ̀ kò gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí òtútù ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè, ó lọ jókòó sẹ́nu ọgbà náà, ó ń wo ooru tó ń yọ lókè ewé, ó wá yíjú wo olówó rẹ̀, ojú méjèèjì mọ́ kedere, ẹ̀sùn sì kún inú wọn.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Olútìmẹ́hìn wí. "Wọlé."

Kò wọlé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá bọ́ súwẹ́tà kúrò lọ́rùn, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ́ èékánná lórí ilẹ̀. Ajá náà gbóòórùn súwẹ́tà, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín ẹní gan-an, ó ti ẹ̀yìn mọ́ ọn láyà, ó sì tì í.

Olútìmẹ́hìn sún. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀pọ̀ na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.